Nọ́mbà Lára Àwòrán

Àwa tí a wà nílé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní 1975, a mọ bí orí mẹ́fà ṣe ń pé lé ìwé kan ṣoṣo. Ẹni tó ni ín ló máa dì í mú. Ẹni tó mọ̀wé jù á máa pe ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ sókè, àwa yòókù á na ọrùn lé wọn léjìká. Bí ẹni tó dì í mú bá yára ṣí i síwájú, ariwo á ta: "Dúró ná! N ò tíì rí i tán!"

Kọ́míìkì Powerman ni ìwé náà. Akọni aláwọ̀ dúdú ni, ó ń fò lójú ọ̀run, kò sí ohun tó ká a lápá àfi kí ejò bù ú jẹ. Ejò! Ohun tí ìyá wa fi ń kìlọ̀ fún wa nígbàkigbà tí bọ́ọ̀lù bá wọ inú igbó ẹ̀yìnkùlé lọ. Bí ejò bá ti yọrí nínú àwòrán, gbogbo wa á dákẹ́ lọ gbáà.

Nọ́mbà wà lára àwòrán kọ̀ọ̀kan: 1, 2, 3. A ò kà á sí nígbà náà. A ti dàgbà ká tó gbọ́ ìdí rẹ̀. Ìlú Ọba ni wọ́n ti ń ṣe Powerman kí wọ́n tó kó o wá tà fún wa. Don Avenell àti Norman Worker ló ń kọ ìtàn inú rẹ̀. Ọ̀dọ́ méjì, Dave Gibbons àti Brian Bolland, ló ń yà á: bí ẹnì kan bá ya èyí tó jáde, ẹnì kejì á ya èyí tó tẹ̀ lé e. Àwọn tó gbéṣẹ́ fún wọn ló ní kí wọ́n fi nọ́mbà sí i, torí wọ́n gbà pé a ò ní mọ àwòrán tó yẹ ká kọ́kọ́ wò.

Ó dùn wá, ó ṣì ń dùn wá. Ìwé ìròyìn Atọ́ka ti wà nílé wa kí Powerman tó dé! Wọ́n á ya àwọn òṣèré tíátà wa ní fọ́tò, wọ́n á tò ó tẹ̀ léra, wọ́n á kọ ọ̀rọ̀ ẹnu wọn sí i ní Yorùbá. Ìyá ọlọ́jà tí kò kàwé kọjá pírámárì mẹ́ta ń kà á nídìí igbá rẹ̀, kò sì ṣìnà.

Ṣùgbọ́n a ò bínú sí àwọn tó yà á. Wọn ò mọ̀ wá, àwa náà ò mọ̀ wọ́n, bẹ́ẹ̀ àwọn ọmọ Ìlú Ọba pàápàá kì í sábà mọ ẹni tó ń ya kọ́míìkì tiwọn. Láti 1938 ni kọ́míìkì Beano ti ń jáde ní Dundee. Mélòó nínú àwọn tó ń fi Minnie the Minx inú rẹ̀ rẹ́rìn-ín ló mọ̀ pé Leo Baxendale ló dá a sílẹ̀? Ọdún gorí ọdún ló fi ń bá àwọn tó ń tẹ Beano jáde ṣẹjọ́ nítorí iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀, ó di 1987 kí wọ́n tó yanjú rẹ̀ láàárín ara wọn. Frank Hampson dá akọni Dan Dare sílẹ̀ fún kọ́míìkì Eagle ní 1950, Dan Dare ò sì di tirẹ̀ títí ó fi kú.

Inú 2000 AD, kọ́míìkì tó bẹ̀rẹ̀ sí í jáde ní 1977, ni Kevin O'Neill ti bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ orúkọ òǹkọ̀wé àti ayàwòrán sára ìtàn. Ibẹ̀ ni àwọn ọ̀dọ́ méjì tiwa gbà lọ, Bolland sì ya Judge Dredd níbẹ̀. Nígbà tó di 1986, Gibbons àti Alan Moore gbé kọ́míìkì Watchmen jáde, ayé gbọ́.

Àwọn kan nínú wa ti di òṣìṣẹ́ ìjọba, àwọn kan ti wà lókè òkun, nígbà tí Watchmen tẹ̀ wá lọ́wọ́. Àwòrán mẹ́sàn-án ló kún ọ̀pọ̀ ojú ìwé rẹ̀, kò sí nọ́mbà lára ìkankan. A rọra ń ṣí i, à ń wò ó bóyá a máa dá ọwọ́ tó ya ejò ọjọ́sí mọ̀.