Àìsàn Tó Ń Lọ Tó Ń Bọ̀

Àwọn àgbà ní a kì í fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ ká máa pa làpálàpá. Nígbà họ́lídé tó kọjá ni mo fi ojú ara mi rí ìtumọ̀ òwe yìí lára ọkọ̀ tí bàbá mi fi ń ṣiṣẹ́.

Píjò 504 ni ọkọ̀ náà. Ọdún 1975 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í to irú rẹ̀ ní Kaduna níbí, nítorí náà àwọn àgbà ìlú yìí mọ̀ ọ́n bí ẹni mowó. Bàbá mi ń fi í gbé èrò láti Kaduna lọ sí Zaria. Owó tó ń rí níbẹ̀ la fi ń jẹun, òun náà ló fi ń san owó ilé-ìwé mi.

Àìsàn ọkọ̀ yìí ṣòroó ṣàlàyé. Láàárọ̀, bí bàbá mi bá ti yí kọ́kọ́rọ́ báyìí, ó ti sítáàtì nìyẹn. Ṣùgbọ́n tó bá rìn tó ìṣẹ́jú 40, tí oòrùn sì mú, á kàn kú lójijì, bí ìgbà tí èèyàn pa iná yàrá. Kì í kọ́kọ́ húkọ́, kì í fà tìkọ̀. Àwọn èrò á bọ́ sílẹ̀, wọ́n á máa fi Haúsá béèrè owó wọn. Lẹ́yìn bíi ìṣẹ́jú 20, ọkọ̀ á tún jí bí ẹni pé nǹkan kan ò ṣe é.

Mẹkáníìkì àkọ́kọ́ ní epo ni kì í dé ẹ́ńjìnì dáadáa, ó bá pààrọ̀ páńpù epo. Èkejì tú kabúrétọ̀, ó fọ̀ ọ́. Dírẹ́bà kan ní gáréèjì wá sọ fún bàbá mi pé kó máa da omi tútù sórí páńpù epo tí ọkọ̀ bá ti kú. Bàbá mi ṣe bẹ́ẹ̀, ó dúró díẹ̀, ọkọ̀ sì jí! Inú gbogbo wa dùn. Lọ́jọ́ kejì, ó tún kú. Nígbà tí owó ti lọ tán, bàbá mi ní òun máa tà á fún àwọn tó ń ra irin pàǹtí. Màmá mi ò sọ nǹkan kan. Mo mọ ohun tí wọ́n ń rò, torí èmi náà ń rò ó: tí ọkọ̀ bá lọ, bọ́dìn mi náà lọ nìyẹn.

Ẹ̀gbọ́n màmá mi ló gbà wá. Iṣẹ́ rẹwáyà ni wọ́n ń ṣe ní Minna, Bàbá Rẹwáyà la sì ń pè wọ́n. Nígbà tí wọ́n wá kí wa, bàbá mi ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi wò ó kí n tó tà á." Wọn ò tiẹ̀ ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì. Wọ́n ní, "Àna mi, ara rẹ̀ ti yá báyìí, kí ni kí n wá wò? Ẹ jẹ́ ká gbé e jáde títí àìsàn náà á fi dé."

Wọ́n gbà kí n tẹ̀ lé wọn. A kò tíì dé Zaria tí ọkọ̀ fi kú. Bí a ṣe tì í sẹ́gbẹ̀ẹ́ títì, Bàbá Rẹwáyà ṣàlàyé fún mi pé epo nìkan ò lè mú ẹ́ńjìnì ṣiṣẹ́, àfi kí púlọ́ọ̀gì ta iná sí i. Iná bátìrì kò ju fóòtì 12 lọ, kò lè fò. Kọ́ìlì ló ń sọ ọ́ di ẹgbẹẹgbẹ̀rún fóòtì. Kọ́ńtáàtì kékeré kan wà tó ń ṣí tó ń pa dé. Ìgbàkígbà tó bá ṣí ni kọ́ìlì ń ta iná jáde, tí iná náà á gba wáyà lọ sí ọ̀kan nínú púlọ́ọ̀gì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin.

Wọ́n wá fi píláyà onírọ́bà mú wáyà ńlá tó ti inú kọ́ìlì wá, wọ́n gbé orí rẹ̀ sún mọ́ irin ẹ́ńjìnì láìjẹ́ kó kàn án. Wọ́n ní kí n jìnnà, torí iná yẹn lè gbé èèyàn. Bàbá mi yí kọ́kọ́rọ́, ẹ́ńjìnì ń yí, ṣùgbọ́n iná kankan ò ta. Wọ́n ní, "Ṣé ẹ rí i? Kì í ṣe ọ̀rọ̀ epo."

Lẹ́yìn náà, wọ́n mú gílóòbù kékeré tí wọ́n so wáyà méjì mọ́. Wọ́n fi kan ibi tí iná ń gbà wọ kọ́ìlì, ó tàn. Ó túmọ̀ sí pé ara bátìrì àti kọ́kọ́rọ́ le. Wọ́n fi kan ẹnu kejì tó lọ sí kọ́ńtáàtì, bàbá mi tún yí kọ́kọ́rọ́, gílóòbù ń tàn, ó ń kú, ó ń tàn, ó ń kú. Ara kọ́ńtáàtì náà le. Wọ́n pààrọ̀ kọ́ńdẹ́ńsà, torí òun ni kò wọ́n. Kò sí ìyàtọ̀. Ó wá ku kọ́ìlì nìkan.

Wọ́n rẹ aṣọ sómi, wọ́n fún un, wọ́n fi wé ara kọ́ìlì, wọn ò jẹ́ kí omi kan orí rẹ̀ níbi tí wáyà wà. Wọn ò fọwọ́ kan páńpù epo rárá. Nígbà tó ṣe díẹ̀, wọ́n tún dán an wò. Pá! Pá! Pá! Iná búlúù ń ta.

Ìgbà yẹn ló yé mi. Omi tí bàbá mi ń dà sórí páńpù kọ́ ló ń jí ọkọ̀. Dídúró tí wọ́n ń dúró ló ń jẹ́ kí kọ́ìlì tutù. Omi kàn ń gba ọpẹ́ tí kì í ṣe tirẹ̀ ni.

Bàbá Rẹwáyà nu ara kọ́ìlì náà, wọ́n ní kí n ka ohun tí wọ́n kọ sí i. Wọ́n kọ ọ́ lédè Gẹ̀ẹ́sì pé resistor gbọ́dọ̀ wà pẹ̀lú rẹ̀, ìyẹn nǹkan kékeré tó ń dín agbára iná kù kó tó wọlé. Ọkọ̀ wa ò ní in. Iná tó pọ̀ jù ló ń wọ kọ́ìlì, tó ń sè é láti inú. Bàbá mi ra irú èyí tó bá ọkọ̀ wa mu. Owó rẹ̀ ò tó ti páńpù yẹn. Lọ́sẹ̀ náà, ọkọ̀ lọ sí Zaria, ó bọ̀, kò kú lẹ́ẹ̀kan. Wọ́n ti san owó ilé-ìwé mi.

Ẹ̀kọ́ méjì ni mo fẹ́ kí ẹ bá mi mú lọ. Àkọ́kọ́, tí nǹkan bá ń bàjẹ́ tó tún ń dára fúnra rẹ̀, ìbáà jẹ́ tọ́ọ̀ṣì tàbí rédíò, ìgbà tí àìsàn bá wà lára rẹ̀ ni kí ẹ yẹ̀ ẹ́ wò. Èkejì, nǹkan kan ni kí ẹ máa yí pa dà lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Tí ẹ bá yí méjì pọ̀, tí ara rẹ̀ sì yá, ẹ ò ní mọ èwo ni kí ẹ dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀.