Bí Àwọn Kan Bá Ń Rí I, Tí Àwọn Kan Ò Rí I

Bí server inú ilé bá kú pátápátá, wàhálà rẹ̀ kò pọ̀. Gbogbo ojú ló rí i pé ó kú. Èyí tó ń dani lórí rú ni kí fóònù ìyá dé ibẹ̀, kí láptọ̀ọ̀pù ọmọ má lè dé ibẹ̀. Server ni ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń dojú kọ nígbà náà: wọ́n á pa á, wọ́n á tàn án, wọ́n á tú gbogbo ètò orí rẹ̀ palẹ̀. Lójú tèmi, ibẹ̀ kọ́ ló yẹ kí á kọ́kọ́ lọ. Ẹ̀rọ kan ṣoṣo tó bá rí server ti jẹ́rìí pé ó ń ṣiṣẹ́. Ohun tó ya àwọn tó dé ibẹ̀ sọ́tọ̀ kúrò lára àwọn tí kò dé ibẹ̀ ni kí á wá. Òṣómàáló ayé àtijọ́, oníṣòwò tó ń ta aṣọ láwìn, bí mẹ́fà nínú àwọn mẹ́wàá tó tà láwìn fún bá ti san owó aṣọ, kò ní í pariwo pé ọjà bàjẹ́. Ẹnu ọ̀nà àwọn mẹ́rin tó kù ni yóò lọ lóṣòó sí.

Ẹ jẹ́ kí á mú ilé kan ní Ìpetu-Ìjẹ̀ṣà, níbi tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ọgbà Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun gba yàrá sí. Wọ́n kó ìwé àti fídíò sórí kọ̀ǹpútà kan, wọ́n sì fi Kiwix gbé Wikipedia sí i, kí ẹnikẹ́ni má baà máa ná dátà. Router tó ń lo síìmù ló so wọ́n pọ̀. Ẹ ṣí ètò Wi-Fi lórí fóònù tó rí server, kí ẹ wo nọ́ńbà IP rẹ̀: 192.168.8.110. Ti server fúnra rẹ̀ jẹ́ 192.168.8.104. Ẹ wá ṣí ti láptọ̀ọ̀pù tí kò rí i: 192.168.43.27. Ọ̀rọ̀ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán níbẹ̀: 8 ti di 43. Hotspot fóònù ẹnìkan ni láptọ̀ọ̀pù náà lẹ̀ mọ́, kì í ṣe router ilé. Google ń ṣí fún un, ìdí nìyẹn tí ẹni tó ni ín fi ń búra pé nẹ́tíwọ́ọ̀kì òun dára. Ṣùgbọ́n láti 1994 ni wọ́n ti ya irú àwọn nọ́ńbà tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 192.168 sọ́tọ̀ fún ìlò abẹ́lé. Wọn kì í jáde sórí íntánẹ́ẹ̀tì. Pé íntánẹ́ẹ̀tì ń ṣiṣẹ́ kò sọ pé ẹ̀rọ méjì wà lórí nẹ́tíwọ́ọ̀kì kan náà. Bí apá mẹ́ta àkọ́kọ́ nọ́ńbà wọn bá bára mu, ẹ wò ó bóyá Wi-Fi àlejò ni ẹnìkan wà, nítorí èyí sábà máa ń dá àwọn ẹ̀rọ lẹ́kun kí wọ́n má rí ara wọn. Àwọn fóònù mìíràn kò tilẹ̀ mọ Wi-Fi 5 GHz rárá, àwọn tó sì mọ̀ ọ́n lè pàdánù rẹ̀ lẹ́yìn ògiri amọ̀ tó nípọn.

Ẹnìkan lè bi mí pé: ṣé server fúnra rẹ̀ kò lè máa ṣe ojúsàájú ni? Ó lè ṣe é. Firewall orí Windows, ẹ̀ṣọ́ tó ń yan ẹni tó lè wọlé, lè gba àwọn tó bá a wà lórí nẹ́tíwọ́ọ̀kì kan náà wọlé, kó sì kọ àwọn tó kù. Ṣùgbọ́n báwo la ṣe máa mọ̀, bí a kò bá kọ́kọ́ fi nọ́ńbà àwọn ẹ̀rọ wé ara wọn? Ẹ má sì gbára lé ping nìkan, irinṣẹ́ tó ń pe ẹ̀rọ kan láti mọ̀ bóyá yóò dáhùn, tí Mike Muuss kọ ní 1983. Firewall kan náà lè kọ̀ láti dá a lóhùn, kí ojú-ewé tí ẹ ń wá sì máa ṣí wọ́ọ́rọ́wọ́.

Àtakò tó lágbára jù ni ti àwọn tó ní kí á pa gbogbo rẹ̀, kí á tún tàn án, nítorí ó máa ń ṣiṣẹ́. Òótọ́ ni. Iná tó ń lọ tó ń bọ̀ tilẹ̀ ń bá wa ṣe é láìjẹ́ pé a bẹ̀ ẹ́! Àmọ́ irú iná yìí gan-an ló máa ń dá àìsàn náà sílẹ̀. Router kú, ó jí, ó pín nọ́ńbà tuntun. Server tó jẹ́ 104 lánàá di 107. Fóònù tó ń fi orúkọ wá a ṣì rí i. Láptọ̀ọ̀pù tó ti fi nọ́ńbà àtijọ́ pamọ́ ń wá a níbi tí kò sí mọ́. Pípa àti títàn lè dá 104 padà, bí oríire bá ṣe é, títí iná yóò fi tún lọ. Ohun tó ń mú un dúró ni kí á wọ ojú-ewé ètò router, kí á ya nọ́ńbà kan sọ́tọ̀ fún server náà nìkan. Lẹ́yìn ìyẹn, nọ́ńbà yẹn ni kí ẹ fún àwọn fóònù Android àtijọ́, nítorí ọ̀pọ̀ wọn kò mọ orúkọ tó bá parí sí .local.