Kì Í Ṣe Àjẹ́, Àìsàn Ni

Ẹ̀ṣẹ̀ tiwa ni a fẹ́ jẹ́wọ́ lóṣù yìí.

Ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn, àwọn ọmọ kan mú ìyá wọn wá sọ́dọ̀ wa. Màmá ń rìn kiri lóru, wọn kò sì mọ orúkọ àkọ́bí wọn mọ́. Àwọn ọmọ ní àjẹ́ ni. A kò wádìí. A ní kí màmá gba ààwẹ̀ ọjọ́ mẹ́ta, kí wọ́n sì jẹ́wọ́.

Dókítà kan nínú ìjọ ni ó là wá lójú pé àìsàn ọpọlọ ni. Dókítà Alois Alzheimer, ará Jámánì, ni ó kọ́kọ́ ṣàlàyé rẹ̀ ní ọdún 1906, orúkọ rẹ̀ ni wọ́n sì fi ń pè é. Kì í ṣe àìsàn òyìnbó nìkan: ìwádìí tí wọ́n tẹ̀ jáde ní ọdún 2001 rí i láàárín àwa Yorùbá ní Ìbàdàn.

Nínú sẹ́ẹ̀lì ara wa ni àwọn ohun tín-ín-tìn-ìn-tín kan wà tí à ń pè ní mitokọ́ńdíríà. Wọ́n dà bí ààrò: oúnjẹ ni igi ìdáná wọn, èémí wa ni atẹ́gùn tí ń fẹ́ iná náà. Ọpọlọ kò ju nǹkan bí ìdá 2 nínú 100 ìwọ̀n ara lọ, ṣùgbọ́n ó ń lo nǹkan bí ìdá 20 nínú 100 agbára ara. Nínú àìsàn Alzheimer, iná ààrò yìí ń rẹlẹ̀, èéfín rẹ̀ sì ń ba sẹ́ẹ̀lì ọpọlọ jẹ́. Àwọn onímọ̀ ṣì ń jiyàn bóyá ibẹ̀ gan-an ni àìsàn náà ti ń bẹ̀rẹ̀.

Ohun tí ó gún wa lọ́kàn jù ni pé ọ̀dọ̀ ìyá ni a ti ń jogún mitokọ́ńdíríà. Iná tí a fi pariwo lé màmá lórí, ìyá ni ó dá a fún wa. Tiwọn wá ń kú lọ, a tún ní kí wọ́n má jẹun!

Ẹ jọ̀wọ́, bí òbí yín bá ń ṣarán, ẹ má ṣe nà wọ́n, ẹ má ṣe dè wọ́n. Ẹ gbé wọn lọ sí ilé ìwòsàn, nítorí àwọn àìsàn mìíràn tí ń múni gbàgbé wà tí oògùn ń wò. Kò tíì sí oògùn tí ń wo Alzheimer sàn, ṣùgbọ́n oúnjẹ àti sùúrù kò kọjá agbára wa. Ẹ bá wọn gbàdúrà, ẹ má ṣe gbàdúrà lòdì sí wọn.

Kí màmá tó sùn nínú Olúwa, a lọ tọrọ àforíjì. Wọn kò mọ̀ wá. Wọ́n kàn wò wá, wọ́n ní, "Ọmọ mi, ṣé o ti jẹun?"

Kí Ọlọ́run tí kì í gbàgbé dárí jì wá. Àmín.