Àpótí tí Ń Sàba bí Adìẹ

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ ẹlẹgbẹ́ mi, ẹ̀yin òbí wa, ọ̀pọ̀ ènìyàn ni ó rò pé inú ìwé nìkan ni iṣẹ́ ẹnjiníà wà. Ọ̀rọ̀ kò rí bẹ́ẹ̀. Ìwé a máa fi ọ̀nà hàn ni, ṣùgbọ́n ọwọ́ ni yóò sọ bóyá ohun tí a yà sórí ìwé lè ṣiṣẹ́ nínú ilé ẹni tí ó nílò rẹ̀.

Ohun méjì ni mo fẹ́ràn láti kékeré: títú rédíò tí ó ti bàjẹ́, àti sísin adìẹ. Àwọn méjèèjì pàdé ní ọdún 2022, nígbà tí ìdaṣẹ́sílẹ̀ àwọn olùkọ́ yunifásítì gba oṣù mẹ́jọ, tí èmi akẹ́kọ̀ọ́ ìmọ̀ ẹ̀rọ sì wà nílé ní Ìwó. Opó kan ń sin adìẹ ìbílẹ̀ ní àdúgbò wa. Owó wọn ni ó fi ń rán ọmọ níléèwé. Adìẹ rẹ̀ ń yé dáadáa, ṣùgbọ́n ìwọ̀nba ẹyin ni adìẹ kan lè sàba lé, ìyókù a sì máa bàjẹ́. Ìyá náà bi mí pé, "Ọmọ mi, ẹ̀kọ́ tí ò ń kọ́ yìí, ṣé kò lè bá wa wá nǹkan ṣe sí i?"

Kí n tó mú ayùn, adìẹ ni mo kọ́kọ́ lọ wò. Ó ń fún ẹyin ní ooru tí kì í yẹ̀, ó sì ń fi ẹnu yí wọn padà kí ọmọ inú wọn má baà lẹ̀ mọ́ èèpo. Ohun tí àpótí mi gbọ́dọ̀ ṣe nìyẹn: ooru tí ó tó 37.5 lórí òṣùwọ̀n Celsius, ọ̀rinrin, afẹ́fẹ́, àti yíyí ẹyin títí di ọjọ́ 18, nítorí ọjọ́ 21 ni ẹyin adìẹ fi ń di òròmọdìẹ.

Mo kan àpótí pákó, mo fi fóòmù tẹ́ inú rẹ̀. Gílóòbù mẹ́rin ni ó ń mú un gbóná. Ẹ̀rọ kékeré kan ń pa wọ́n bí ooru bá ti tó, a sì tún tàn wọ́n bí ó bá lọ sílẹ̀. Fáànù inú kọ̀ǹpútà àlòkù ń tan ooru náà kálẹ̀, abọ́ omi sì wà nísàlẹ̀. Mo so àwo ẹyin mọ́ irin kan tí ó yọ síta, kí a lè máa dà á sọ́tùn-ún sósì láìṣí ìlẹ̀kùn.

Iná mọ̀nàmọ́ná tí ó ń lọ tí ó ń bọ̀ ni ìṣòro tí ó kù. Àwọn kan ní kí n gbé àtùpà sínú rẹ̀, ṣùgbọ́n èéfín lè pa ọmọ inú ẹyin. Omi gbígbóná nínú ìgò ni mo lò, nítorí omi a máa pẹ́ kí ó tó tutù, fóòmù kì í sì í jẹ́ kí ooru tètè jáde.

Ìyá náà gbé ẹyin 60 lé mi lọ́wọ́. Owó iléèwé ọmọ ni. Oorun kò kùn mí. Ní ọjọ́ keje, a fi tọ́ọ̀ṣì yẹ̀ wọ́n wò nínú òkùnkùn: èyí tí ó ní ọmọ nínú fi iṣan pupa tẹ́ẹ́rẹ́ hàn, èyí tí kò ní mọ́ gaara. Ní ọjọ́ 21, òròmọdìẹ 43 jáde. Ìyá náà kà wọ́n lẹ́ẹ̀mejì, ó ní kí n kan àpótí kejì.

Iṣẹ́ ńlá kò dìgbà tí ohun èlò bá wọ́n. Mohammed Bah Abba, olùkọ́ kan ní ìhà àríwá Nàìjíríà, gbé ìkòkò amọ̀ kékeré sínú ńlá, ó fi yanrìn tútù sáàárín wọn. Bí omi yanrìn náà ṣe ń gbẹ ni inú ìkòkò ń tutù, ẹ̀fọ́ kì í sì í tètè bàjẹ́ níbẹ̀, láìlo iná rárá. Ó gba ẹ̀bùn Rolex nítorí rẹ̀ ní ọdún 2000.

Ẹ̀yin òbí, bí ọmọ yín bá ń tú rédíò, ẹ má ṣe mú pàṣán. Ẹ wá èyí tí ó ti bàjẹ́ fún un. Ẹ̀yin ọ̀dọ́, kí ẹ tó ya ohunkóhun sórí ìwé, ẹ kọ́kọ́ bi ẹni tí yóò lò ó léèrè. Àtẹ́lẹwọ́ ẹni kì í tan ni jẹ.