Ilẹ̀ Tí Ó Dákẹ́

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kẹsàn-án ọdún 2018, àbúrò wa tí ń gbé ní Mpape lẹ́bàá Àbújá tẹ̀ wá láago. Ohùn rẹ̀ kò balẹ̀. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú àárọ̀ o. Ilẹ̀ ń mì lábẹ́ ẹsẹ̀ wa. Ó mì lánàá, ó sì tún mì lóru. Àwọn ará àdúgbò ti ń kó ọmọ wọn jáde sí gbangba. Kí ni ẹ ní kí a ṣe?" Àwa tí a wà ní Ìsánlú, tí ilẹ̀ abẹ́ ẹsẹ̀ wa dúró gbọn-in, dá a lóhùn láìronú pé, "Má fòyà. Ilẹ̀ tiwa kì í ṣe ilẹ̀ ìsẹ̀lẹ̀. Àwọn baba wa kò sọ irú rẹ̀ fún wa rí. Kó àwọn ọmọ padà sínú ilé, kí ẹ sùn."

Ó gbọ́ ọ̀rọ̀ wa, nítorí pé ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ni wá, àti nítorí pé olùkọ́ni nínú ìjọ ni wá. Ó kó aya rẹ̀ àti ọmọ mẹ́ta padà sábẹ́ òrùlé.

Ní ọ̀sẹ̀ kan náà, a mẹ́nu ba ọ̀rọ̀ náà ní kíláàsì, a sì tún ìdáhùn wa sọ bí ẹni pé ẹ̀kọ́ ni. Ọmọkùnrin kan dìde, ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́, Tíṣà, títí dé ọdún mélòó sẹ́yìn ni àwọn baba wa lè rántí?" A ní kí ó jókòó. Ìbínú ni ó mú wa sọ bẹ́ẹ̀, nítorí pé a kò ní èsì. Ọmọ náà jókòó, ṣùgbọ́n ìbéèrè rẹ̀ kò jókòó. Ó bá wa dé ilé.

Ó yẹ kí ojú tì wá ju ẹlòmíràn lọ. Àìmọye ìgbà ni a ti ka ìbẹ̀rẹ̀ ìwé Ámósì nínú ìsìn, níbi tí wọ́n ti fi ìsẹ̀lẹ̀ ka ọdún, pé ọdún méjì ṣáájú rẹ̀ ni wòlíì náà ríran. Sekaráyà pẹ̀lú rántí bí àwọn ènìyàn ti sá nítorí rẹ̀ ní ọjọ́ ọba Ussiah. Nígbà tí àwọn awalẹ̀pìtàn sì wa ilẹ̀ Hásórì ní Gálílì láti ọdún 1955, wọ́n bá ògiri tí ó ti fì àti ilé tí ó ti wó, wọ́n sì gbà pé ìsẹ̀lẹ̀ ìgbà ayé Ámósì ni ó ṣe é. Ohun tí ìwé sọ ní gbólóhùn kan, ilẹ̀ ti pa á mọ́ pẹ̀lú.

A bẹ̀rẹ̀ sí í wádìí, a sì rí i pé irọ́ ni a pa, bí a kò tilẹ̀ mọ̀ pé irọ́ ni. Ní ọjọ́ 28 oṣù Keje ọdún 1984, ilẹ̀ mì ní Ìjẹ̀bú-Òde, ní Ìbàdàn, ní Ṣàgámù àti ní Abẹ́òkúta. Ní ọjọ́ 11 oṣù Kẹsàn-án ọdún 2009, ó tún mì ní ìhà Abẹ́òkúta. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ 22 oṣù Kẹfà ọdún 1939, ìsẹ̀lẹ̀ ńlá wó ilé púpọ̀ ní Accra, ó pa ènìyàn tí ó ju 15 lọ, wọ́n sì mọ̀ ọ́n lára títí dé Èkó. Irú rẹ̀ ti wó ilé ní Accra kan náà ní ọjọ́ 10 oṣù Keje ọdún 1862. Ọdún 77 ni ó wà láàárín méjèèjì. Ẹni tí ó jẹ́ ọmọ ọdún márùn-ún ní àkọ́kọ́ ti di arúgbó ọdún 82 ní ìkejì, bí ó bá ṣì wà láàyè; mélòó ni yóò sì kù tí yóò rántí sọ fún ọmọ? Àwọn àgbà sọ pé ohun tí ó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ. Ohun tí ó wà lẹ́yìn ìrántí baba wa pọ̀ jù èyí tí wọ́n rántí lọ.

Ní ọ̀gbẹlẹ̀ tí ó tẹ̀ lé e, a gbẹ́ kànga lẹ́bàá odò, lẹ́yìn ilé-ẹ̀kọ́ wa. Àgbà kan tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ kànga gbígbẹ́ pè wá kí a wá wo inú ihò náà. Ilẹ̀ dúdú ni ó wà lókè, yanrìn funfun tẹ̀ lé e, ọ̀wọ́ òkúta wẹ́wẹ́ tẹ̀ lé yanrìn. Lẹ́yìn náà ni ilẹ̀ dúdú mìíràn tún wà, tí èédú wà nínú rẹ̀. Ó ní, "Tíṣà, odò ti kún dé ìhín rí, kí a tó bí baba mi. Ẹnìkan sì ti dáná sun oko níhìn-ín kí odò náà tó dé." Kò mọ̀wé, ṣùgbọ́n ó ń kàwé lójú wa.

Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni àwọn onímọ̀ tí ń wá ìsẹ̀lẹ̀ àtijọ́ ti ń ṣe. Ibì kan wà nínú ayé tí àpáta abẹ́ ilẹ̀ ti là sí méjì, tí apá kan ń ti èkejì. Agbára ń kó jọ síbẹ̀ bí ìgbà tí ọdẹ ń fa ọrun. Ní ọjọ́ tí kò bá lè mọ́ra mọ́, apá méjèèjì yóò yọ̀ lójijì, ilẹ̀ yóò sì mì. Àwọn onímọ̀ a gbẹ́ kòtò gígùn gba orí ojú lílà náà kọjá, wọn a sì wo ògiri kòtò. Bí wọ́n bá rí i pé àwọn ìpele ìsàlẹ̀ já, tí ìpele tí ó wà lórí wọn kò sì já, wọ́n mọ̀ pé ìsẹ̀lẹ̀ náà dé lẹ́yìn ti ìsàlẹ̀, kí ti òkè tó tẹ́. Èédú tàbí ewé jíjẹrà inú ìpele ni yóò sọ ọdún fún wọn. Ohun alààyè gbogbo ní irú kábọ́ọ̀nù kan nínú; láti ọjọ́ tí ó bá ti kú ni èyí ti ń dín kù, tí ìdajì rẹ̀ yóò fi kù ní ọdún 5,730.

Ní nǹkan bí 55 kìlómítà sí Los Angeles ní Amẹ́ríkà, ọ̀dọ́mọkùnrin onímọ̀ kan tí à ń pè ní Kerry Sieh gbẹ́ irú kòtò bẹ́ẹ̀ ní Pallett Creek, lórí lílà San Andreas, ó sì tẹ ìròyìn rẹ̀ jáde ní ọdún 1978. Nígbà tí wọ́n tún un yẹ̀ wò, wọ́n ka ìsẹ̀lẹ̀ ńlá mẹ́wàá láàárín ọdún bí 1,300. Èyí tí ó kẹ́yìn ni ti ọdún 1857. Bí a bá pín in dọ́gba, ọdún bí 132 ni yóò wà láàárín ọ̀kan àti èkejì. Ṣùgbọ́n wọn kò dé ní dọ́gbadọ́gba. Méjì tàbí mẹ́ta a máa sún mọ́ ara wọn, lẹ́yìn náà ilẹ̀ a dákẹ́ fún igba ọdún tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹni tí ó bá gbé ayé nínú ìdákẹ́ náà yóò búra fún ọmọ rẹ̀ pé ilẹ̀ àwọn kì í mì.

Ìmọ̀ yìí kò lè dá ọjọ́. Ohun tí ó ń sọ ni bí ìsẹ̀lẹ̀ ti tóbi tó, àti bí ó ti ń dé lemọ́lemọ́ tó, kí ọ̀mọ̀lé lè mọ irú ilé tí yóò kọ́. Ṣùgbọ́n mímọ̀ nìkan kò tó. Ní Japan, ní ìhà Sendai, àwọn onímọ̀ ti rí yanrìn tí ìgbì òkun gbé wọ inú oko jìnnà ní ọdún 869 lẹ́yìn ìsẹ̀lẹ̀ ńlá kan, wọ́n sì ti kìlọ̀. Kí ìkìlọ̀ náà tó di odi, ọjọ́ 11 oṣù Kẹta ọdún 2011 dé. Òkun tún gba ọ̀nà àtijọ́, ó sì gbé ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn lọ.

Nàìjíríà kò rí bí Japan, kò sì yẹ kí olùkọ́ kankan fi ìsẹ̀lẹ̀ dẹ́rù ba ọmọ. Àárín ni a wà. A jìnnà sí etí ibi tí àwọn àwo ńlá ayé ti ń fi ara gbá ara. Síbẹ̀, ní ọjọ́ 22 oṣù Kejìlá ọdún 1983, ilẹ̀ là ní ìhà Gaoual ní Guinea, ní àdúgbò tí a kò kà mọ́ ibi ìsẹ̀lẹ̀, ènìyàn tí ó ju 250 lọ sì kú. Ní tiwa, lílà àtijọ́ kan wà tí ó bẹ̀rẹ̀ láti ìhà Ifẹ̀wàrà ní Ọ̀ṣun, tí àwọn onímọ̀ sì tọ ipa rẹ̀ lọ sí ìhà àríwá dé Zungeru. Ní Toro ní ìpínlẹ̀ Bauchi àti ní Ilé-Ifẹ̀, a ti gbé ẹ̀rọ kalẹ̀ tí ń gbọ́ mímì ilẹ̀. Iṣẹ́ rere ni, ṣùgbọ́n ẹ̀rọ kò lè sọ ohun tí ó ṣẹlẹ̀ kí a tó gbé e kalẹ̀. Èyí tí ó ti kọjá, inú ilẹ̀ ni ó wà. Bí ọmọdé bá ṣubú, a wo iwájú. Bí àgbà bá ṣubú, a wo ẹ̀yìn.

Nígbà tí a mọ èyí, a tẹ àbúrò wa láago láti tọrọ àforíjì. Bí ilé rẹ̀ bá wó lóru ọjọ́ náà, ọ̀rọ̀ ẹnu wa ni ì bá pa wọ́n. Ó dákẹ́ díẹ̀, ó sì wí pé, "Ẹ̀gbọ́n, èmi kò sùn lóru ọjọ́ náà. Ẹnu ọ̀nà ni mo jókòó sí títí ilẹ̀ fi mọ́." A kò rí nǹkan sọ.

Ní ọdún tí ó tẹ̀ lé e, nígbà tí a ń kọ́ kíláàsì tuntun, a bẹ àwọn bíríkìlà pé kí wọ́n fi irin àti kọnkéré ṣe ọ̀já yí orí ògiri mẹ́rẹ̀ẹ̀rin po, kí igun kọ̀ọ̀kan lè di èkejì mú. Àwọn òbí kan ní ìnáwó náà pọ̀ jù. A sọ ìdí rẹ̀ fún wọn, wọ́n sì dá owó náà.

Ẹ̀yin olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ wa, ọjọ́ tí a kọ́kọ́ wọ kíláàsì náà, a pe ọmọkùnrin ọjọ́sí jáde síwájú, a sì wí fún gbogbo wọn pé ìbéèrè rẹ̀ sàn ju ìdáhùn wa lọ. Lẹ́yìn náà ni a ní kí ó jókòó.