Ta Ni Yóò Dá Fádèyí Lóhùn?

Ní alẹ́ tí eré Àrélù bá ń bọ̀ lórí tẹlifíṣọ̀n, kò sí ọmọ tí wọ́n ń rán níṣẹ́ tí kì í sáré. A óò ti pọn omi, a óò ti fọ abọ́, a óò wá lọ kóra jọ sí pálọ̀ ẹni tó bá ní tẹlifíṣọ̀n ládùúgbò. Àwọn àgbà á wà lórí àga, àwa ọmọdé á jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Bí Fádèyí Olóró, ìkà inú eré náà, bá ti yọ, ẹni tó wà níwájú á sún sẹ́yìn títí ẹ̀yìn rẹ̀ á fi kan ògiri. A mọ̀ pé eré ni, síbẹ̀ à ń bo ojú. Ohun tó ń mú wa dúró títí eré fi ń parí ni pé a mọ̀ pé Òrìṣàbùnmi, tí yóò kò ó lójú, ń bọ̀.

Àwọn méjèèjì ti lọ báyìí. Fọlákẹ́ Àrẹ̀mú, tí a mọ̀ sí Òrìṣàbùnmi, papòdà ní ọjọ́ 5, oṣù Kìn-ín-ní, ọdún 2021. Òjó Arówóṣafẹ́, Fádèyí Olóró fúnra rẹ̀, tẹ̀lé e ní ọjọ́ 7, oṣù Kẹta, ọdún 2023. Olóyè Jímọ̀ Àlíù, tí a mọ̀ sí Àwòrò, tó kó wọn jọ sójú agbo, ti ṣáájú wọn ní ọjọ́ 17, oṣù Kẹsàn-án, ọdún 2020. Kò pé ọdún mẹ́ta tí àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta fi tán lókè eèpẹ̀.

Ọ̀tá ni Fádèyí àti Òrìṣàbùnmi nínú eré, ṣùgbọ́n n kò tíì rí ẹni méjì tó bára mu tó wọn. Ohùn ti Fádèyí le, ó ń já bí òjò orí páànù. Oògùn kún ara rẹ̀, ojú rẹ̀ pọ́n, kò sì ní jẹ́ kí ẹnikẹ́ni mí. Òrìṣàbùnmi kì í kánjú ní tiwọn. Wọn á dúró, wọn á wo ọkùnrin náà títí ọ̀rọ̀ á fi tán lẹ́nu rẹ̀. Inú ìdákẹ́jẹ́ yẹn gan-an ni ọkàn wa ti ń lù kìkì. Nígbà tí wọ́n bá wá la ẹnu, ohùn wọn kì í ga, àmọ́ kò sí ẹni tí kò mọ̀ nínú pálọ̀ náà pé ọ̀rọ̀ ti bọ́ sọ́wọ́ ẹni tó ni ín.

Ọfọ̀ ni wọ́n fi ń bá ara wọn jà. Ẹni tó bá rò pé ariwo ni ọfọ̀ kò fetí sí àwọn méjì yìí. Ọfọ̀ ní bí ó ṣe ń lọ. A ó kọ́kọ́ pe nǹkan ní orúkọ àbísọ rẹ̀, a ó sọ ìwà tí kò lè yí padà lára rẹ̀, lẹ́yìn náà ni a ó wá so ohun tí a ń fẹ́ mọ́ ìwà yẹn. Bí ẹnì kan bá fi iná bẹ̀rẹ̀, ẹnì kejì gbọ́dọ̀ mọ ohun tí omi ń fi iná ṣe, kí ó sì rí i sọ lójú ẹsẹ̀. Ìdí nìyẹn tí ẹnì kan ṣoṣo kò fi lè ṣe é. Fádèyí ì bá pe gbogbo ewé inú igbó, bí kò bá sí Òrìṣàbùnmi tí yóò dá a lóhùn, ọkùnrin tó ń bú ramúramù lásán ni à bá rí.

Inú ẹgbẹ́ kan náà ni àwọn ọ̀tá méjèèjì ti jáde. Ọmọ Òkè-Ìmẹ̀sí ní Èkìtì ni Jímọ̀ Àlíù, babaláwo sì ni bàbá tó bí wọn. Ọ̀dọ̀ Akin Ògúngbè ni Jímọ̀ Àlíù ti kọ́ṣẹ́ tíátà láti ọdún 1959, kí wọ́n tó dá ẹgbẹ́ tiwọn sílẹ̀ ní Ìkàrẹ́ ní ọdún 1966. Wọ́n ṣe iṣẹ́ ológun fún ọdún bíi mélòó kan, wọ́n sì tún padà sídìí eré. Àrélù, Yánpọnyánrin, Fọ́pomọ́yọ̀ ti ọdún 1991, ọwọ́ wọn ni gbogbo rẹ̀ ti wá. Ìyàwó Jímọ̀ Àlíù ni Òrìṣàbùnmi. Ọ̀rọ̀ tí ọmọ babaláwo gbọ́ nílé ni ó pín sí ẹnu méjì, ó fi ìdajì fún ìkà, ó fi ìdajì fún olùgbàlà.

Kì í ṣe àwọn ló kọ́kọ́ fi ọfọ̀ jà nínú eré. Ní ojú agbo Dúró Ládípọ̀, nínú eré Ọba Kò So, àwọn jagunjagun méjì, Tìmì àti Gbọ́nká, ti kojú ara wọn báyìí kí a tó bí púpọ̀ nínú wa. Ṣùgbọ́n tẹlifíṣọ̀n ló gbé ìjà ẹnu náà wọ pálọ̀ wa, tí ọmọ tí kò tíì wọ gbọ̀ngàn tíátà rí fi mọ adùn èdè bàbá rẹ̀.

Àwọn òṣèré méjì mìíràn tó bára mu náà ti lọ. Ọmọládùn kú ní ọdún 2009, Bàbá Sùwé sì tẹ̀lé e ní oṣù Kọkànlá, ọdún 2021. Tọkọtaya ni wọ́n nílé, tọkọtaya ni wọ́n lójú fíìmù. Láti ọjọ́ tí obìnrin náà ti lọ ni ẹ̀rín ọkùnrin náà kò ti kún lójú mi mọ́.

Lónìí, kọ̀ǹpútà ni ó ń jà fún àwọn òṣèré. Iná á yọ lọ́wọ́, mànàmáná á kọ, ọ̀rọ̀ mẹ́ta ni babaláwo inú fíìmù á sọ, ọ̀tá á sì ṣubú. Ó ń dùn mí. Kì í ṣe iná ni ó lé wa mọ́ ògiri nígbà yẹn.

Kí ikú tó dé, a rí Fádèyí nínú fídíò, tó ń bẹ aráyé kí wọ́n ran òun lọ́wọ́ lórí àìsàn. Ohùn tó ń lé wa sá sẹ́yìn ìyá wa ti rọ̀, ó ń tọrọ. Òrìṣàbùnmi ti kú nígbà tí tirẹ̀ dé. Mo bojú, bí mo ṣe ń bojú ní kékeré.

Ẹ̀yin tí ẹ ṣiṣẹ́ ní ilé iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n nígbà náà, ẹ̀yin ọmọ àti ẹbí àwọn òṣèré, ẹ̀yin tí ẹ ń gba eré sílẹ̀ sínú fídíò nílé, bí téèpù Àrélù kan bá ṣì wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì tàbí nínú àpótí yín, ẹ gbé e jáde lọ́sẹ̀ yìí, kí ẹ jẹ́ kí ẹni tó mọ̀ ọ́n ṣe gbé e sórí kọ̀ǹpútà. Eruku àti ọ̀rinrin ń jẹ ẹ́ lójoojúmọ́.