Akíka Tí Mo Fi Owó Rà

Ọdẹ ni bàbá mi ní Èjìgbò, ṣùgbọ́n kì í yìnbọn fún akíka. Bí akíka bá gbúròó ènìyàn, kì í sá. Yóò ká jọ ni, yóò ki orí bọ abẹ́ ìrù, á rí roboto bí òṣùká. Ọdẹ á kàn bẹ̀rẹ̀, á gbé e sápò. Ìpẹ́ tí ẹkùn fi eyín fọ́ tì, ọwọ́ lásán ni ènìyàn fi ń kó o.

Láyé ìgbà náà, ẹran rẹ̀ ni wọ́n ń rà, àti ìpẹ́ díẹ̀ fún àwọn oníṣègùn. Nígbà tó yá ni àwọn tó ń wá ìpẹ́ nìkan dé, tí wọ́n ń kó o ní àpò-àpò lọ sí ilẹ̀ Ṣáínà àti Vietnam. Ní 2016, àwọn orílẹ̀-èdè tó wà nínú CITES, àdéhùn lórí òwò ẹranko ìgbẹ́ láàrin orílẹ̀-èdè, fẹnu kò ní Johannesburg pé kí ẹnikẹ́ni má fi oríṣi akíka mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ ṣòwò kọjá ẹnubodè mọ́. Síbẹ̀, ní oṣù Keje 2021, àwọn kọ́sítọ́ọ̀mù gbá ìpẹ́ tó lé ní tọ́ọ̀nù 7 mú ní Lẹ́kí, l'Ékòó. Akíka tó wọ́pọ̀ nínú igbó tiwa kì í sábà wọn ju kílò 3 lọ, tòun ti ẹran àti eegun, ọmọ kan ṣoṣo ló sì ń bí lẹ́ẹ̀kan. Ẹ fi ìyẹn ṣírò.

Èmi ọmọ ọdẹ, gbígba akíka sílẹ̀ àti dídá wọn padà sígbó ni mo ń ṣe báyìí. Ní Nàìjíríà, Calabar ni wọ́n ti ṣáájú wa nídìí iṣẹ́ dídá ẹran padà sígbó. Ní 1991 ni Peter Jenkins àti Liza Gadsby dá Pandrillus sílẹ̀ níbẹ̀ nítorí drill, ọ̀bọ ńlá kan tó ń kú tán lọ. Ní ti akíka, Ọ̀jọ̀gbọ́n Ọlájùmọ̀kẹ́ Mórenikéjì ní Yunifásítì Ìbàdàn àti Dókítà Mark Ofua, oníṣègùn ẹranko l'Ékòó, ni a ń wò láwòkọ́ṣe.

Akíka àkọ́kọ́ tí mo gbà sílẹ̀, rírà ni mo rà á. Wọ́n so ó rọ̀ lẹ́bàá títì Ògbómọ̀ṣọ́, okùn tàkúté ti gé e lẹ́sẹ̀ dé eegun. Àánú ṣe mí, mo sanwó. Lọ́sẹ̀ kejì, ẹni tó tà á fún mi wá bá mi nílé pẹ̀lú mẹ́ta mìíràn nínú àpò. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, nítorí yín ni mo ṣe wọgbó o." Méjì ti kú nínú wọn. Owó mi ló rán an. Láti ọjọ́ náà, n kò san kọ́bọ̀ lórí akíka mọ́.

Ọjọ́ mẹ́ta gbáko ni ẹlẹ́sẹ̀ ọgbẹ́ yẹn kò fi jẹun. Akíka kò léyín. Èèrà àti ikán ló ń jẹ, èyí tí mo sì bù sínú àwo fún un, kò yà sí i. Ọgbẹ́ ń jinná, ebi ló fẹ́ pa á. Lálẹ́ ọjọ́ kẹrin, mo gbé e lọ sínú oko kòkó kan, níbi tí mo ti rí ojú ilẹ̀ tí akíka mìíràn họ, bí bàbá mi ṣe máa ń fi hàn mí. Ó dúró pẹ́. Lẹ́yìn náà ó na imú, ó tiro dé ìdí igi jíjẹrà kan, ó fi èékánná ya èèpo rẹ̀. Ahọ́n rẹ̀ yọ, ó tẹ́ẹ́rẹ́ bí fọ́nrán òwú, ó ń wọlé, ó ń jáde láàrin àwọn èèrà. Mo pa tọ́ọ̀ṣì. Mo ń gbọ́ bí ìpẹ́ rẹ̀ ṣe ń ha ara wọn nínú òkùnkùn.

Bí a ṣe ń bọ́ wọn títí dòní nìyẹn: alaalẹ́ ni à ń tẹ̀ lé wọn kiri fún wákàtí púpọ̀. Ẹ̀kọ́ tí bàbá mi fi ń pa wọ́n ni mo fi ń bọ́ wọn.

Ibi tí a ó dá wọn padà sí ló le jù. Igbó tí bàbá mi ń dẹ lọ́nà Ifẹ̀-Ọ̀dàn ti di oko kajú àti ẹ̀gẹ́. Èyí tó ṣẹ́ kù, n kò ní dárúkọ rẹ̀ níbí, kí ẹlòmíràn má baà lọ dẹ ẹ́.

Ẹ̀yin ọdẹ àti àgbẹ̀ wa ní Èjìgbò, Máṣífà àti Ifẹ̀-Ọ̀dàn, mo bẹ̀ yín: bí tàkúté yín bá mú akíka tí kò fara pa, ẹ gé okùn, kí ẹ fi í sílẹ̀ níbẹ̀ náà. Bó bá fara pa, ẹ ránṣẹ́ pè mí, bó tilẹ̀ jẹ́ òru, n ó wá. Ṣùgbọ́n ẹ má gbé e wá tà fún mi. N kò ní rà á.